Ta Ni Ẹ̀gbọ́n Nínú Wa?

Ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi ń kúnlẹ̀ kí obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Àǹtí ni gbogbo wa ń pè é. Tó bá wọlé láàárọ̀, èmi ni mo ń gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀; tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá bọ́ sílẹ̀, èmi ni mo ń bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó máa ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ti ń parí ìjà nínú ẹbí láti ọjọ́ pípẹ́. Bí mo bá bá a jiyàn lórí bó ṣe yẹ ká gé ṣòkòtò, á ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Màá sì gé e bó ṣe wí. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lòun.

Ní tèmi, orí ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo dúró sí láti ọdún méjì sẹ́yìn. Màámi ló kọ́ mi. Wọ́n ní ojú tí àwọn ọkùnrin fi ń wo obìnrin tó ń kanlẹ̀kùn ọgbọ̀n kò dára, kí n dúró síbi tí mo dé, kí n sì pa ẹnu mi mọ́. Oṣù tó ń bọ̀ ni màá pé ọgbọ̀n lóòótọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ti tojú sú mi. Láàárọ̀ màá wo dígí, màá ní ọmọdé ṣì ni mí. Tó bá di ọ̀sán, màá gbọ́ pé ẹni tá a jọ kàwé ti ń kọ́lé, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi: kí ni mo ti ń ṣe látọjọ́ yìí? Mi ò mọ̀ bóyá mo ti pẹ́ ni àbí mi ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá pe èmi àti Àǹtí sídìí tábìlì tá a fi ń gé aṣọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì, ọ̀kan nínú wa ló sì máa ṣe olórí ibẹ̀. Iṣẹ́ wa dọ́gba lójú wọn, nítorí náà ẹni tó bá dàgbà jù ló máa jókòó síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ká mú ìwé ọjọ́ ìbí wa wá lọ́jọ́ kejì, torí àwọn tó ni ilé tí ṣọ́ọ̀bù tuntun náà máa wà ń béèrè fún un.

Ipò náà wù mí gan-an, ṣùgbọ́n mo kí Àǹtí kú oríire. Ó dá mi lóhùn láì kọ́kọ́ wúkọ́. Nígbà tá a ń ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, ó fà mí lọ́wọ́.

"Jọ̀ọ́, má fi mí rẹ́rìn-ín lọ́la," ó ní. "Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mí. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, torí pé èmi ni mo kéré jù, wọ́n ń rán mi níṣẹ́ títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Nígbà tí mo dé ibí, mo fi ọdún márùn-ún kún ọjọ́ orí mi. Ọdún kan ṣoṣo ni mo fi jù ẹ́ lọ."

Àkísà ta wá ni obìnrin yìí ti ń fi yangàn sí mi láti ọdún mẹ́fà?

Nílé, mo tẹ́ ìwé ọjọ́ ìbí mi sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wò ó. Tí mo bá sọ pé ó sọnù, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ṣì ni mí, Àǹtí á sì gba ṣọ́ọ̀bù. Tí mo bá mú un lọ, ṣọ́ọ̀bù di tèmi, ọgbọ̀n ọdún náà sì di tèmi. Màámi ní kí n sọ pé ó sọnù.

"Ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ọkọ," wọ́n ní.

Mo ní ọjọ́ orí tí mò ń purọ́ rẹ̀ náà ò kúkú tíì bá mi rí ọkọ. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ tílẹ̀ fi mọ́.

Mo mú un lọ. Ọ̀gá ka ìwé tèmi, wọ́n ka ti Àǹtí, wọ́n tún padà ka tèmi. Wọ́n wo èmi, wọ́n wo òun, wọ́n mi orí, wọ́n sì na kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tuntun sí mi. Àǹtí ò wojú mi. Mo rò pé inú mi máa dùn. Ó dùn lóòótọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí, ojú sì ń tì mí, mi ò mọ èwo ló ṣíwájú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí wọlé. Ó kúnlẹ̀ láàárín àgékù aṣọ.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ó ní, ó sì nawọ́ sí báàgì mi.

Èmi náà ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti wà lára báàgì tirẹ̀.

"Ẹ dìde, Àǹtí," mo ní.

"Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ dìde," ó ní.

Eékún ti ń ro mí, kò sì sẹ́ni tó dìde nínú wa.