Àbẹ́là Tí Wọ́n Tàn Ṣáájú Ọjọ́

Ìyá Alábẹ́là kì í bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ẹ̀sìn. Ẹni tó fẹ́ tan àbẹ́là pupa kí oòrùn lè padà wá, á tà á fún un. Ẹni tó fẹ́ funfun fún ìbí Olúwa rẹ̀, á tà á fún un. Àwọn tó ń tan tiwọn sójú fèrèsé nítorí àwọn òkú wọn náà, oníbàárà gidi ni wọ́n. Màmá, bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ń pè é, a máa sọ pé òkùnkùn kan náà ló ń ba gbogbo wọn lẹ́rù, òwò ò sì mọ ẹ̀sìn.

Nínú ilé tirẹ̀, àbẹ́là tó wọ́, tí kò ṣeé tà, ni wọ́n máa ń tàn ní alẹ́ tó gùn jù lọ́dún, kí ọ̀sán tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Alẹ́ yẹn ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ṣèlérí pé òun á wálé. Ó ti ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ rí láìmọye ìgbà láìwá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló sì máa ń bá a wá àwáwí. Àmọ́ lọ́dún yìí, àìsàn ti dá Màmá dùbúlẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń yọ́ ìda. Ìlérí yẹn nìkan ló ń mú un jẹun.

Nígbà tó yá, kò jẹun mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó rò pé bí ìyá òun bá rí iná, ara rẹ̀ á yá díẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe ṣú, ó tan àwọn àbẹ́là wíwọ́ náà yí bẹ́ẹ̀dì ká, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kò tíì pé.

Ojú Màmá tàn. Ó fi ìgúnpá ti ara rẹ̀ dìde, ó ń wo ẹnu ọ̀nà.

"Àbúrò ẹ dà?"

Ìgbà yẹn ni ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí òun ṣe. Ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé alẹ́ náà kò tíì pé, òun kàn fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn ni.

"Alẹ́ náà ti pé, kò wá ni. O tún ń bò ó láṣìírí," Màmá wí. "Láti kékeré lo ti ń bò ó."

Ọmọ náà búra, ó sunkún, ó pa gbogbo iná. Màmá kọjú sí ògiri. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti jáde láyé.

Ní alẹ́ tó gùn jù gan-an, tí fèrèsé gbogbo àdúgbò mọ́lẹ̀, tí oníkálukú ń kí Ọlọ́run tirẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró níwájú ilé, àbúrò náà sọ̀ kalẹ̀. Wọn ò tíì sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti kú, kó má baà fi ẹkún wakọ̀. Nígbà tó gbọ́, tó sì sunkún tán, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo.

"Àǹtí mi, ṣé Màmá gbà pé màá wá lóòótọ́?"

"Ó gbà," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, kò sì lè wo ojú rẹ̀.