Ìtẹ̀ Kan, Ìyípadà Mẹ́rin

Atúnrédíòṣe náà kúnlẹ̀ sórí páálí tó tẹ́ sílẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ kan yí kókó kékeré ara ẹ̀rọ gìtá, ó sì ń fi ọwọ́ kejì kọ nọ́ńbà sínú ìwé àjákọ. Ó yí i dé mẹ́rìnlélógójì, ó kọ ọ́. Ó yí òmíràn dé ogún, ó kọ ọ́. Kò kọ ohun tí kò tíì fi etí gbọ́, kò sì kúrò lórí ohun tí kò tíì kọ.

"Àbúrò, ṣé ìwé ilẹ̀ lo ń kọ ni?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin bi í. Ó jókòó sórí àpótí sípíkà, ó gbé gìtá lé itan, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú gbọọrọ. Orúnkún náà kì í ká dáadáa mọ́ láti ọjọ́ tó ti yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn.

"Ẹ ta okùn kẹta, bọ̀dá mi. Ẹ jẹ́ kó dún tán kí ẹ tó sọ̀rọ̀."

Ó ta á. Ohùn náà jáde, gbohùngbohùn tẹ̀ lé e, ó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi kú.

"Ó gùn jù." Àbúrò rẹ̀ dín in kù sí méjìdínlógún, ó fa ìlà sórí ogún, ó kọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Òkè ilé ìtajà bàtà kan ni yàrá ìdánrawò náà wà. Aago ara ògiri sọ pé ó ku ogójì ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù. Aago mẹ́rin náà ni obìnrin afunfèrè tó jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin wọn máa wọlé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lójú gbogbo ẹgbẹ́, ó ti fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Àmọ́ tí orin kẹta bá tún já sí méjì lọ́jọ́ Ẹtì, onígìtá mìíràn ni a máa mú lọ síbi ìgbohùnsílẹ̀." Òní ni ọjọ́ Ẹtì.

Orin kẹta ni wàhálà. Jẹ́jẹ́ ni gìtá ń lọ nínú ẹsẹ orin, bí ègbè bá sì ti wọlé, ohun mẹ́rin gbọ́dọ̀ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà: kí ohùn le sí i, kí ó dẹ́kun gbígbọ̀n, kí gbohùngbohùn gùn, kí gbogbo rẹ̀ sì lọ sókè díẹ̀. Tí ègbè bá tán, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sí bí wọ́n ṣe wà. Láyé àtijọ́, àpótí kéékèèké mẹ́rin ló wà nílẹ̀ níwájú onígìtá náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bọ́tìnnì ẹlẹ́sẹ̀ kan. Láàárín ìmí kan ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ti fo lé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ẹni tó ń tẹ òkúta sọdá odò. Lẹ́yìn tó ṣubú, kí ó tó dé orí ẹ̀kẹta, ègbè ti dé ìdajì.

Ló bá ra ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òun fúnra rẹ̀ ló tò ó, kò sì ṣí ìwé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ní tirẹ̀ ka ìwé náà, ojú ìwé méjìlélàádọ́fà, lẹ́ẹ̀mejì, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ̀kọ́ tó ń ti ilé ìfìwéránṣẹ́ wá ló fi kọ́ṣẹ́, kò sì ní ọ̀gá tí ì bá sáré bi. Ó gbà pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ ṣáájú ìwé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ṣe iṣẹ́ kan.

"Ibi tí ẹ ti ṣì í nìyí," ó wí. "Ẹ kọ́ ilé kan fún ẹsẹ orin, ẹ kọ́ ilé mìíràn fún ègbè. Ẹni tó bá ń kó kúrò nílé á kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn. Ìgbà tí ẹ̀rọ ń ti ilẹ̀kùn ni ohùn ń já. Mo ti kó gbogbo rẹ̀ sínú ilé kan báyìí. Yàrá ló yàtọ̀. Bọ́tìnnì kìíní ni ẹsẹ orin, bọ́tìnnì kejì ni ègbè. Ìtẹ̀ kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á yí."

"O ò ṣe sọ fún mi tẹ́lẹ̀?"

"Ojú ìwé kẹrìnlá ló wà. Ẹ fi ìwé náà ti ẹsẹ̀ tábìlì."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ orin. Nígbà tí ègbè dé, ó tẹ bọ́tìnnì kejì. Ohùn ṣí bí ilẹ̀kùn tó ní òróró lára, gbohùngbohùn ẹsẹ orin ṣì ń dún lábẹ́ rẹ̀, kò já. Ègbè parí. Ó tún fẹsẹ̀ tẹ bọ́tìnnì kejì.

Kò sí ohun tó yí. Ẹsẹ orin tó yẹ kó rọra wọlé dé pẹ̀lú ariwo.

"Kìíní lẹ máa tẹ̀ láti padà," àbúrò rẹ̀ wí.

"Mo mọ̀."

Ó tún un ṣe. Ó tún tẹ kejì. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, ó ń sọ ọ́ lẹ́nu, "kìíní, kìíní," ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bọ́ sórí kejì.

"Èmi kọ́. Ẹsẹ̀ yìí ni."

"Ta ló ni ẹsẹ̀?"

"Ó ti kúrò lábẹ́ àṣẹ mi." Ó jókòó padà. Lẹ́yìn náà ó ní, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà, "Bóyá òótọ́ lọ̀gá ń sọ. Bóyá kí wọ́n mú ọ̀dọ́ kan lọ."

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Atúnrédíòṣe náà gbé ìwé àjákọ sílẹ̀. Ó wo abẹ́ bẹ́ǹṣì, níbi tí àpótí mẹ́rin àtijọ́ wà nínú àpò ọ̀rá. Ó fa ọ̀kan jáde, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́: bátìrì inú rẹ̀ kò tíì kú, iná pupa tàn. Ó tún tẹ bọ́tìnnì kan náà: iná kú. Ibi tí ẹsẹ̀ bá gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni ó ń gbà jáde. Ọgbọ̀n ọdún ni ẹsẹ̀ yẹn ti fi kọ́ ẹ̀kọ́ náà, kò sì gbàgbé rẹ̀. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e.

Ó kọ ọ̀rọ̀ méjì sínú ìwé àjákọ: *Àṣìṣe: tèmi.* Ó ti to ẹ̀rọ fún orin, kò tò ó fún ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́.

"Kí lò ń kọ?"

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má sọ̀rọ̀."

Ó fa ìwé ẹ̀rọ yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó ṣí i sí ojú ìwé àádọ́rin. Níbẹ̀ ni ó ti rí i pé a lè sọ fún ẹ̀rọ pé bí ẹsẹ̀ bá tún tẹ bọ́tìnnì tí ó ti wà lórí rẹ̀, kó padà síbi tí ó ti wá. Ó to bọ́tìnnì kejì bẹ́ẹ̀, ó fi í pamọ́ sínú ẹ̀rọ, ó sì ti ìwé náà padà sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Ó pa ẹ̀rọ pátápátá, ó ka dé mẹ́wàá, ó tún un tàn láti mọ̀ bóyá ohun tó fi pamọ́ ṣì wà. Ó wà.

"Ẹ ta á. Ẹ má sọ nǹkan kan lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣe bó ṣe fẹ́."

Ó ta á. Ègbè wọlé, ègbè jáde, ẹsẹ orin padà ní jẹ́jẹ́. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin láìwo ilẹ̀.

"Àbúrò mi," ó wí.

"Ẹ tún un ṣe."

Ọ̀gá ẹgbẹ́ dé ní aago mẹ́rin géérégé, onílù àti àwọn yòókù tẹ̀ lé e. "Orin kẹta," ó wí, ó sì gbé fèrè sẹ́nu. Wọ́n lù ú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ègbè mẹ́ta nínú rẹ̀. Nígbà tó parí, ó nu ẹnu fèrè pẹ̀lú aṣọ kékeré, ó sì wo ilẹ̀ níwájú onígìtá náà.

"Níbo làwọn àpótí yín wà?"

"Wọ́n ti fẹ̀yìn tì."

"Ẹ̀yin ẹ má tíì fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ Ajé, aago méje àárọ̀, níbi ìgbohùnsílẹ̀. Ẹ má pẹ́, ẹ̀gbọ́n."

"Mo gbọ́, ọ̀gá."

Àbúrò rẹ̀ ti da gbogbo nọ́ńbà náà kọ sórí ìwé pélébé kan, ó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ó ká páálí tó fi kúnlẹ̀. Ó nawọ́ sí àpò ọ̀rá abẹ́ bẹ́ǹṣì.

"Kí lo fẹ́ fi wọ́n ṣe?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í. "Mo fẹ́ dà wọ́n nù."

"Wáyà inú wọn ṣì dára. Ẹ yọ ìwé lábẹ́ tábìlì, ẹ kà á."

Ó gbé àpò náà kọ́ èjìká, ó sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe dé àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ orin kẹta lókè. Ègbè wọlé, ègbè jáde. Kò dúró. Ó fi páálí sábẹ́ apá, ó sì yà sí ọ̀nà ilé.