Ìtumọ̀ Kọ́mú

Ìbéèrè kan náà ni ọ̀gá máa ń bi gbogbo obìnrin tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí wọ́n ti ń rán kọ́mú: "Kí ni ìtumọ̀ kọ́mú?" Kò ní dúró gbọ́ ìdáhùn. Á lá ètè, á ní, "Kọ́ ọmú ni o. Ẹ gbé e wá, kí n bá yín fi kọ́." Á wá rẹ́rìn-ín títí tí itọ́ á fi máa ta sórí aṣọ funfun tó wà lórí tábìlì.

Ó máa ń rí aránṣọ rẹ̀ lára gan-an. Ìyá tó bí aránṣọ yìí ló kọ́ ọ níṣẹ́ ọ̀hún, ó sì ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún un láti kékeré: ọmú tó wúwo a máa fa ọrùn àti ẹ̀yìn obìnrin, okùn èjìká ló ń bá a gbé e kọ́. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gidi ni. Àmọ́ bó bá ti jáde lẹ́nu ọ̀gá, á dà bí oúnjẹ tí eṣinṣin ti bà lé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọ̀gá jáde lọ jẹun, ìyá ọ̀gá yọ́ wọlé. Wọ́n ti gé ọmú rẹ̀ òsì nílé ìwòsàn, ó sì fẹ́ kọ́mú tí wọ́n máa ki òwú sí lápá kan. Ojú ń tì í láti bá ọmọ rẹ̀ sọ ọ́. Aránṣọ fa kọ́tìnì, ó ń wọn àyà rẹ̀.

"Màmá, ṣé kò dùn yín?"

"Kò dùn mí mọ́, ọmọ mi. Ó kàn fúyẹ́ jù níbí, bíi pé mo fẹ́ ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

Ibi tí wọ́n bọ́rọ̀ dé nìyẹn tí ọ̀gá fi dé. Ó rí ẹsẹ̀ obìnrin lábẹ́ kọ́tìnì.

"Oníbàárà wa, kí ni ìtumọ̀ kọ́mú? Ẹ gbé méjèèjì wá, kí n bá yín fi kọ́."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́," ni aránṣọ wí.

Ẹ̀rín ló fi dáhùn. Ó ti ń fi ìka wá etí kọ́tìnì kiri kó lè yọjú, kí ìyá rẹ̀ tó fà á fúnra rẹ̀.

"Ẹyọ kan ló kù," ni ìyá náà wí. "Ṣé o ṣì máa bá mi fi kọ́?"

Ọ̀gá fà sẹ́yìn. "Màmá, ẹ má bínú. N ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló wá rí aránṣọ lára jù lọ. Ká ní ìyá ẹlòmíràn ni, ó dáa nìyẹn?

"O ò mọ̀ pé èmi ni," ni ìyá náà tún un wí. "Ta lo wá rò pé ó jẹ́?"

Ìyá náà wọ bùbá rẹ̀, ó bi aránṣọ bóyá ó lè parí iṣẹ́ náà nílé. Aránṣọ kó sísọ́ọ̀sì rẹ̀ sínú báàgì, kò sì padà wá mọ́, bí ọ̀gá ṣe ránṣẹ́ bẹ̀ ẹ́ tó.

Ní pálọ̀ aránṣọ ni ìyá náà ti kọ́kọ́ wọ kọ́mú ọ̀hún. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí. Lẹ́yìn náà ló ní kó bá òun rán dúdú kan kún un.