Ìwé tí Rájí Kà fún Àrínọlá

Ọjọ́ tí wọ́n ní ìwé Rájí ti di sinimá, Àrínọlá pa ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ní àdúgbò Gbégamey ní Kútọnù dé lọ́sàn-án gangan. Oníbàárà ń pè é, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn tó bẹ́ẹ̀, ariwo ọjà ni yóò máa gbọ́ ni?

Kì í kúkú ṣe Rájí ló kọ ìwé náà. Òyìnbó Faransé kan ló kọ ọ́ láyé ọjọ́un, àwọn ọmọ ilé-ìwé wọn ló ń kà á. Ṣùgbọ́n lójú Àrínọlá, ta ló tún ni ín bí kò ṣe ọkọ rẹ̀ olóògbé? Akọ̀wé ni Rájí ní wọ́ọ̀fù Kútọnù, níbi tí ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí, láyé tí Faransé ń jọba lé Dàhòmì lórí. Bó bá ti dé nírọ̀lẹ́, tó wẹ̀, tó kírun, yóò ṣí ìwé náà, yóò máa sọ Faransé inú rẹ̀ di Yorùbá fún ìyàwó rẹ̀ tí kò mọ̀wé. Ẹnu rẹ̀ mà dùn o! Ìtàn opó kan ni, tó gbé ọmọ rẹ̀ tí ibà ń ṣe, tó fẹsẹ̀ rìn lọ wá dókítà nílùú òkèèrè. Rájí sọ opó náà ní Àjọkẹ́, ó sọ ọ́ di ará Ṣábẹ̀, ó sọ yìnyín di òjò. Àrínọlá gbà á gbọ́ láìkù síbì kan.

Wọn ò tíì kà á tán tí èéyi fi mú Rasidat, ọmọ wọn kan ṣoṣo. Ara ọmọ gbóná janjan, Àrínọlá ò jẹ, kò mu. Rájí ò yéé kàwé ní tirẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ẹní ọmọ ló ń jókòó sí, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n rárá. Lọ́jọ́ tí Àjọkẹ́ dé ilé dókítà, tí ọmọ rẹ̀ lajú, tó ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀kọ mu, Àrínọlá sunkún ayọ̀. Kò pẹ́ sí i tí ara Rasidat fi yá. Ohun kan ṣoṣo ló há Àrínọlá lọ́fun: ọmọ ń kú lọ, ẹ̀rù ò ba bàbá rẹ̀! Ó ń wí pé òun á bi í lọ́jọ́ kan, àfi bí ikú ṣe dé tó mú Rájí lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ tó pa ìsọ̀ dé yẹn, Rasidat tó ti di ìyálọ́mọ ló mú ìyá rẹ̀ lọ wo sinimá náà. Lucien, tíṣà kan tó jẹ́ ọmọ Àgùdà, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀, ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fáwọn Nàgó, ìyẹn àwọn Yorùbá ìlú náà, tó kún ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é nígbà náà; sinimá Faransé láìsí ògbufọ̀, ta ni yóò yé?

"Rasidat, èwo ni Àjọkẹ́ níbẹ̀?"

"Ìyá mi, òyìnbó ni gbogbo wọn."

"Òyìnbó báwo? Àjọkẹ́ ará Ṣábẹ̀!"

Àwọn tó jókòó níwájú bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí obìnrin kan ti gbé ọmọ mọ́yà, tó kọrí sọ́nà, Àrínọlá dá a mọ̀. "Bàtà rẹ̀ máa já báyìí." Bàtà já. "Ajá máa lé e lábúlé yẹn." Ajá lé e. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, ó ń ṣe é bíi pé ọkọ rẹ̀ ló tún jókòó tì í. Ìgbà tó yá, ọmọ inú sinimá dákẹ́ ẹkún. "Ó kan apẹja tí yóò fi ọkọ̀ gbé wọn sọdá," ni Àrínọlá wí. Apẹja kankan ò yọjú. "Aláṣọ tó fún ọmọ láṣọ ìbora ńkọ́?" Òun náà ò wá. Opó kanlẹ̀kùn dókítà. Lucien rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ọmọ ti kú.

"Irọ́!" Àrínọlá fò dìde. "Irọ́ ńlá! Ẹ ti ba ìtàn náà jẹ́! Ọmọ yẹn yè, ọkọ mi kà á sí mi létí!"

Nígbà tí èrò tú, Lucien wá tẹríba fún un. "Ẹ má bínú, ìyá. Mo ti ka ìwé náà. Bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Ṣé Rájí á purọ́ fún òun ni? "Wá sílé mi lọ́la," ó ní. "Ìwé rẹ̀ wà níbẹ̀. Kà á fún mi, kí n gbọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Lucien ṣí ìwé náà. Ìwé Faransé ìgbà yẹn, wọn kì í la ewé rẹ̀ tán. Ẹni tó bá rà á ni yóò máa fi ọ̀bẹ là á bó ti ń kà á lọ. Lucien ń ṣí i, ń ṣí i, ó dé ibi tí ọmọ ti dákẹ́ ẹkún, ó dúró. Láti ibẹ̀ dé ìparí, gbogbo ewé ló ṣì lẹ̀ mọ́ra.

"Ìyá, bàbá ò ka ibí yìí o."

"Kò kà á kẹ̀? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kà á fún mi!"

"Ojú ewé tó ti kà tẹ́lẹ̀ ló ń wò. Kò jẹ́ débi tí ọmọ ti kú. Inú ara rẹ̀ ló ti ń mú ìyókù wá."

Àrínọlá gba ìwé náà, ó fọwọ́ ra etí ewé tí wọn ò là. "Ó bẹ̀rù," ló wí. "Áà, nígbà tí Rasidat ń ṣàìsàn, Rájí bẹ̀rù jù mí lọ! Èmi ń bínú sí i láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá pé àyà rẹ̀ le." Ó bú sẹ́kún, kò sì fojú pamọ́.

Rasidat ti mú ọ̀bẹ wá láti ìdáná. "Ìyá mi, ṣé ká là á, kí tíṣà kà á?"

"Má là á," ni Àrínọlá wí. "Ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe fi í sílẹ̀."