Owó Tí A Kò Gbọdọ̀ Fọwọ́ Kàn

“Bàbá Limota, aṣọ mi dà?”

Àsàmáù kò pariwo. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n ńlá tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀, ó sì ti kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀: ìró àtijọ́ kan, ìborùn, àti òwú díẹ̀ tó ṣẹ́kù. Kíjìpá mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ agbọ̀n náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ran òwú wọn, òun ló rẹ wọ́n sínú aró, òun ló sì jókòó sídìí òfì láti òjò èṣí títí di ọyẹ́ yìí kí wọ́n tó parí. Bí oṣù tuntun bá ti lé, wọn yóò mú Limota, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, lọ sílé ọkọ ní Ọ̀kà. Àwọn aṣọ náà ni yóò ró lọ.

Láwàl, ọkọ rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà. Obì ni ó ń tà láti Ìkàrẹ́ dé Òkè-Àgbè, ọ̀rọ̀ kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Lónìí, orí ni ó ń họ.

“Wọn kò sọnù,” ni ó wí. “Mo fi wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ ni.”

“O fi wọ́n gba kí ni?”

“Ohun tó ju aṣọ lọ. Jẹ́ kí n fi hàn ọ́ kí o tó bínú.”

“Mo ti bínú ná. Fi hàn mí.”

Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó ká ẹní sókè, ó sì gbé àpótí pẹlẹbẹ kan jáde tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kò tètè ṣí i. Ó gbé e mọ́ àyà bí ìgbà tí èèyàn bá gbé ọmọ tuntun.

“Owó fàdákà ni,” ni ó wí. “Kì í ṣe irú èyí tí ará ọjà ń ná. Wọ́n rọ ọ́ lọ́tọ̀ nílùú òyìnbó, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n sì ṣe. Wọ́n ti fọ́ ohun tí wọ́n fi rọ ọ́, kò ní sí òmíràn mọ́. Ó ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí o lè fi wo ojú bíi dígí. Bó bá ṣe ń pẹ́ sí i ni yóò máa níye lórí sí i.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?”

“Mísítà Zacchaeus. Ará Èkó tó wọ̀ sí Ọ̀kà. Ó ṣe akọ̀wé fún àwọn òyìnbó oníṣòwò ní Lọ́kọ́ja, ó mọ̀ nípa owó.”

“Ó mọ̀ nípa owó, ìwọ sì mọ ibi tí aṣọ ìyàwó rẹ wà. Ẹ bára yín mu. Ṣí i.”

Láwàl ṣí i. Àrán pupa ni wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ ihò róbótó mẹ́rin sínú àrán náà. Ẹyọ owó ṣílè méjì wà nínú ihò kan, ti ṣílè kan nínú èkejì, lẹ́yìn náà sísì oníkọ́bọ̀ mẹ́fà, lẹ́yìn náà tọ́rọ́ kékeré oníkọ́bọ̀ mẹ́ta. Ọba òyìnbó ń wo ẹ̀gbẹ́ kan lára gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n kò sí dígí kankan níbẹ̀. Owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin funfun báláú, wọ́n sì ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ káàkiri ara bí ìdí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ní odò.

Ẹnu Láwàl là sílẹ̀. “Ta ló fọwọ́ kan nǹkan yìí?”

“Èmi ni,” ni ìyá rẹ̀ dáhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. “Mo ti bá ọ fọ̀ wọ́n. Eérú àti yanrìn ni mo fi fọ̀ wọ́n, mo wá fi ọsàn wẹ́wẹ́ parí rẹ̀. Ìdọ̀tí kankan kò sí lára wọn mọ́.”

Gbogbo ilé ló mọ ìwà yìí mọ́ Ìyá. Láti ọdún tí ilẹ̀ gbóná ní Ìkàrẹ́, tí àrùn kan sì gba ọmọ méjì lọ́wọ́ rẹ̀ kí òjò tó dá, ó gbà pé owó àjèjì ló gbé e wọlé. Láti ìgbà náà, kò sí owó kankan tó wọ ilé náà láìkọ́kọ́ kọjá nínú eérú.

“Ìyá, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọkùnrin náà kìlọ̀ fún mi dáadáa. Ó ní ìka ọwọ́ lásán á bà á jẹ́.”

“O sọ fún mi? O fi í pa mọ́ sábẹ́ ẹní bí ẹni tó jí ewúrẹ́.” Ìyá ju òkúta kan tó rí nínú ẹ̀wà síta. “Owó tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ná an ni?”

Limota, tó wà lẹ́yìn ilé, bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó rántí aṣọ ta ni wọ́n fi rà á, ó sì dákẹ́.

Àsàmáù kò rẹ́rìn-ín. Ó ń kó àwọn nǹkan rẹ̀ padà sínú agbọ̀n.

“O kò bi mí,” ni ó wí.

“Bí mo bá bi ọ́, o kò ní gbà.”

“Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bèèrè.”

Láwàl jókòó sílẹ̀. “Ìwọ náà mọ ohun tí ojú bàbá mi rí. Owó ẹyọ kún yàrá rẹ̀ dé àjà. Òyìnbó dé, wọ́n ní owó ẹyọ kì í ṣe owó mọ́, bàbá mi sì di tálákà lórí ìjókòó. Ní báyìí wọ́n tún ń kó ṣílè pupa wá, tó dà bí idẹ. Àwọn tó ní funfun ń rì í mọ́lẹ̀. Mo ní kí n má tún jìyà tó jẹ bàbá mi. Mo fẹ́ owó tí kì í kú.”

Àsàmáù mọ̀ pé òótọ́ ni. Nígbà tó jẹ́ ìyàwó tuntun, òun náà ti gbá owó ẹyọ yẹn jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀.

“Owó ẹyọ bàbá rẹ kú,” ni ó wí. “Kíjìpá tí ìyá rẹ hun ni ẹ tà kí ẹ tó rí iṣu jẹ lọ́dún yẹn. Ìyá ló sọ fún mi. Bí o bá ń wá ohun tí kì í kú, inú agbọ̀n mi ló wà, o sì lọ kó o fún ará Èkó. Ṣé ó ní òun yóò gba owó yìí padà bí o kò bá fẹ́ ẹ mọ́?”

“Ó ní nígbàkígbà tí mo bá fẹ́.”

“Ó dára. Ọ̀la ni.”

Wọ́n mú ọ̀nà Ọ̀kà pọ̀n kí oòrùn tó mú. Láwàl ń lọ níwájú pẹ̀lú àpótí lábẹ́ agbádá, Àsàmáù ń bọ̀ lẹ́yìn, títí wọ́n fi gun òkè dé ìlú.

Mísítà Zacchaeus jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tó háyà. Ọkùnrin tínrín ni, ẹ̀wù rẹ̀ mọ́ ṣùgbọ́n wọ́n ti lẹ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Lórí àga tó jókòó lé ni Àsàmáù ti rí ọ̀kan nínú àwọn aṣọ rẹ̀. Wọ́n ṣẹ́ ẹ po bí tìmùtìmù. Ó mọ etí rẹ̀, níbi tí òwú ti já lọ́jọ́ tí Limota ṣàìsàn.

Zacchaeus gba àpótí, ó ṣí i, ó mú awò kékeré kan sójú. Ó gbé e sílẹ̀ kíákíá.

“Ẹ ti pa á,” ni ó wí. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. “Ta ló fi yanrìn fọ èyí? Láwàl, mo kìlọ̀ fún ọ. N kò lè gbà á padà báyìí. Kò sí ẹni tí yóò gbà á.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi,” ni Àsàmáù wí, “ẹni tí kò mọ̀wé ni mí. Bí mo bá gbé e lọ sọ́jà nígbà tó ṣì ń dán, èló ni wọn á gbà á?”

“Lọ́jà? Ṣílè mẹ́ta ó lé kọ́bọ̀ mẹ́sàn-án. Ohun tí wọ́n kọ sí i lára nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ọjà, Màmá.”

“Ní báyìí tí kò dán mọ́ ńkọ́?”

“Iye kan náà ni.”

“Kí ni ọkọ mi wá fi aṣọ mẹ́ta rà?”

“Dídán náà ni. Àti pé kò pọ̀.”

“Ojú mi náà kò pọ̀, méjì péré ni. Ta ni yóò rà á?”

“Ẹni tó bá mọyì rẹ̀. Ní Èkó. Ní ìlú òyìnbó.”

“Ẹ ti rí ọ̀kan nínú wọn tó rà á lọ́wọ́ yín?”

Zacchaeus pa awò rẹ̀ dé. “Yàrá mi nìyẹn,” ni ó wí, ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn. “Irú àpótí yìí kún abẹ́ ibùsùn mi. Gbogbo ohun tí mo fi ọdún púpọ̀ ṣiṣẹ́ fún ní Lọ́kọ́ja, inú wọn ni mo kó o sí. Bí n kò bá gbà á gbọ́, n kò ní rà á. Ẹ má pè mí ní gbájúẹ̀.”

“N kò pè yín bẹ́ẹ̀. Aṣọ méjì yòókù dà?”

“Mo fi rán àwọn alárù sí Èkó. Wọn kò tilẹ̀ dé Èkó, ní Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti tà wọ́n. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń jà sí wọn.”

Láwàl wo ilẹ̀.

“O gbọ́?” ni Àsàmáù wí fún un. Ó tún kọjú sí Zacchaeus. “Ẹ̀yin kò jí nǹkan mi. Mo wá láti bá olè jà, n kò bá olè níhìn-ín. Ẹni tó jí i ni mo bá rìn wá. Ẹ dìde lórí aṣọ mi. Ẹ ti rà á, n kò ní gbà á, ṣùgbọ́n ẹ má fi jókòó níṣojú mi.”

Zacchaeus dìde. Ó ká aṣọ náà jẹ́jẹ́, ó sì gbé e wọ yàrá. Kò tún jáde.

Wọ́n gba ọjà Ọ̀kà kọjá. Níbi tí wọ́n ti ń ta òwú, Àsàmáù dúró níwájú Mosúnmọ́lá, obìnrin tí òun ti máa ń ra òwú lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí òun ti ń hunṣọ.

“Ìyá Limota, ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀, o tún ń ra òwú. Ṣé ìwọ náà fẹ́ lọ́kọ ni?”

“Èyí tí mo ní ti tó mi.” Àsàmáù na ọwọ́ sí Láwàl. “Gbé àpótí yẹn wá.”

“Àsàmáù, rò ó ná,” ni Láwàl wí lábẹ́lẹ̀. “Bóyá ó ṣì lè padà dán. Bí o bá ná an, ó parí nìyẹn.”

“Ó ti parí láti ìgbà tí o ti tú agbọ̀n mi nígbà tí n kò sí nílé.”

Tọ́rọ́ ni ó kọ́kọ́ fi ìka yọ nínú àrán, lẹ́yìn náà sísì, lẹ́yìn náà àwọn ṣílè. Mosúnmọ́lá yẹ̀ wọ́n wò, ó sì fi eyín tẹ ọ̀kan.

“Funfun ni,” ni ó wí. “Ó dára. Pupa ni gbogbo ayé ń kó wá bá mi, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Òwú tí wàá gbà yóò tó ohun tí wàá rù.” Ó jù wọ́n sínú igbá pẹ̀lú àwọn yòókù. Kíá ni a kò mọ èwo ni èwo mọ́.

Láwàl ń wo igbá náà bí ẹni tó ń wo ibojì. Àsàmáù di òwú rẹ̀, Mosúnmọ́lá sì bá a gbé e rù. Ilé àwọn àna wọn kò jìnnà sí ibẹ̀, wọ́n ń rí òrùlé rẹ̀ lẹ́yìn igi ọsàn.

“Ìgbéyàwó kò lè bọ́ sí oṣù tuntun yìí mọ́,” ni ó wí fún Láwàl. “Ọmọ ahunṣọ kò ní fi aṣọ àyálò wọlé ọkọ. Títí òjò yóò fi dé, ìdí òfì ni mo wà. Ìwọ ni yóò lọ sọ fún wọn.”

“Èmi nìkan?”

“Ìwọ nìkan lo lọ bá Zacchaeus.”

Ó gbé àpótí ṣófo náà lé e lọ́wọ́. Láwàl wo ihò mẹ́rin inú àrán pupa náà.

“Kí ni kí n wí?”

“Ṣí i níwájú wọn,” ni Àsàmáù wí. “Kí o ní ohun tó wà nínú rẹ̀ ni Limota ìbá ró wá.”

Ó dúró sí ojú ọ̀nà, ẹrù lórí, títí ó fi rí i pé Láwàl ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wọ ẹnu ọ̀nà ilé náà. Nígbà náà ni ó tó yí padà sí Ìkàrẹ́, ó ń ro iye ìkòkò aró tí òun yóò pò.