Ìwé Owó Orí Akínbíyìí

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì méjì ni Akínbíyìí, oníṣòwò pákó ní Bódìjà, kọ́ sí Baṣọ̀run. Píjò tuntun wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìjì ká òrùlé ilé ìwòsàn àdúgbò lọ lọ́dún 1996, tí ìjọba sì ní àwọn ò lówó, òun ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù níbi ìpàdé tí wọ́n pè láti dáwó tún un ṣe.

Adétutù, obìnrin tó ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn náà, tó sì ń gbé yàrá kan nínú ilé Akínbíyìí, ló kọ́kọ́ dá àbá. Ó ní ìka ò dọ́gba: kí onílé san ju ayálégbé lọ, kí onílé méjì sì san ju onílé kan. Àbá náà dùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Akínbíyìí fárígá. Ó ní kí wọ́n pín in dọ́gba, torí òun ti ń san owó orí, òun kì í sì í ṣe igi tí gbogbo àdúgbò á máa là ní pákó.

"Ẹni tó bá máa bá mi sọ̀rọ̀ owó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ó ní, "kó mú ìwé owó orí rẹ̀ dání."

Ó dá a lójú pé ìdajì wọn ò ní í rí ìwé mú wá. Tirẹ̀ wà nílé. Ọdọọdún ni akọ̀wé kan tó mọ̀ ní ọ́fíìsì owó orí ń bá a kọ iye tí kò ní í ni ín lára. Gbogbo ibi tó ti fi ìwé náà hàn rí, òǹtẹ̀ àti ọdún nìkan ni wọ́n ń wò. Ó ti pẹ́ tí òun pàápàá ti gbàgbé pé iye owó wà lára rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, Bàbá Májẹ́kódùnmí, alága, gba àwọn ìwé náà jọ. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ó wọ awò ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n sókè bí ẹni ń pe máàkì.

"Adétutù: ọ̀ọ́dúnrún náírà ó lé méjìlá. Inú owó oṣù ni wọ́n ti yọ ọ́." Ó mú òmíràn. "Akínbíyìí: igba náírà ó lé ogójì."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyẹn gan-an ló burú jù. Ẹni bá da eérú leérú ń tọ̀. Ojú ti Akínbíyìí débi pé kò lè gbé orí sókè.

Adétutù ló sọ̀rọ̀. "Bàbá, bóyá akọ̀wé ló gbàgbé òdo kan. Ó máa ń ṣẹlẹ̀."

Akínbíyìí mọ̀ pé obìnrin náà mọ òótọ́. Bóyá àánú ni, bóyá ẹ̀rù onílé ni, kò lè sọ. Ó ṣì lè jẹ́wọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Òdo ló gbàgbé."

Bàbá ká ìwé náà, kò wo ojú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún fẹ́ bá a jiyàn. Wọ́n pín owó náà dọ́gba bó ṣe fẹ́, àádọ́ta náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ìpàdé tú, ó sáré bá Adétutù lẹ́yìn, ó na igba náírà sí i, ó ní kó fi san tirẹ̀. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba owó náà.

"Ẹ ṣeun, sà," ó ní. "Mo ti san tèmi."