Orúkọ Efínrín Ìyá Mi

Lóru àná ni mo lá àlá tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má já lu ọ̀rọ̀ mi. Lẹ́tà kan gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó jókòó sórí àga, ó ní, "Bàbá Mọ́rẹ̀nikẹ́, efínrín ẹ̀yìnkùlé yín kò ní orúkọ Látìn nínú ìwé ìjọba. Bí ẹ kò bá mú orúkọ náà wá sí ọ́fíìsì wọn lónìí, wọ́n á hú efínrín náà."

Mo bu omi fún lẹ́tà, mo wọ bàtà mi. Efínrín yẹn nìkan ló kù nínú ohun tí ìyá mi fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Ẹnikẹ́ni kò ní hú u lójú mi.

Ọ́fíìsì náà léfòó sókè ẹ̀yìnkùlé. Okùn tí à ń sá aṣọ sí ni wọ́n fi so ó mọ́ igi ìbẹ́pẹ. Mo fa okùn, ó sọ̀ kalẹ̀, mo wọlé. Ewúro ni akọ̀wé ẹnu ọ̀nà. Mo bi í ní orúkọ Látìn tirẹ̀.

"Vernonia amygdalina," ni ó wí. "Ti àkọ́kọ́ ni orúkọ ilé wa. Èkejì ń sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Wọ́n ní mo jọ igi álímọ́ńdì."

"Wọn kò sọ pé ẹ korò?"

"Wọn kò tọ́ mi wò."

Mo gba fọ́ọ̀mù, mo kọ orúkọ efínrín sí i gàdàgbà: Ìyá Ocimum gratissimum.

Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Láṣebìkan, wò ó. "Kò sí Ìyá nínú Látìn. Ẹ pa á rẹ́."

"Ọ̀gá, efínrín yìí ti ń wo inú rírun mi sàn kí n tó hu eyín. Mi ò lè pè é lórúkọ lásán."

"Ẹ pa á rẹ́, àbí kí a hú u?"

"Mi ò ní pa á rẹ́."

Ìwo yọ lórí rẹ̀, irùngbọ̀n tẹ̀lé e, ó di òbúkọ. Kò yà mí lẹ́nu, ó ti ń jẹ fọ́ọ̀mù àwọn tó ṣáájú mi. Ó ní, "Kí ni ìtumọ̀ gratissimum?"

Ẹ̀rù bà mí, nítorí ńṣe ni mo kàn há orúkọ náà sórí. Àfi bí òórùn efínrín ṣe gba fèrèsé wọlé, bí ìgbà tí ìyá mi bá ń já a sínú ọbẹ̀.

Mo ní, "Ẹni tó dùn mọ́ni jù lọ."

Òbúkọ lanu láti dáhùn, ó bá jẹ tábìlì.

Mo jí, ilẹ̀ ti mọ́. Òbúkọ aládùúgbò wa ló wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń jẹ páálí tí mo kọ orúkọ Látìn sí lánàá, tí mo gbé sí ìdí efínrín. Ó ti jẹ Ocimum tán, kò sì fẹnu kan ewé kankan. Mo lé e, mo wá páálí mìíràn.

Ìyá ni mo kọ́kọ́ kọ.